Owó Orí: Kí Ni Òfin Ń Rí Nígbà Tó Bá Wo Inú Ilé Wa? Láti Abẹ́òkúta 1918 Dé Rumuola 2026

  Láti oṣù kìíní ọdún 2026 tí òfin owó orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìbéèrè kan náà làwọn èèyàn ń bi ara wọn: "Ṣé ó kàn mí?" Àwọn kan ní ìjọba fẹ́ máa yọ owó kúrò nínú àkáǹtì wa ní báǹkì bó ṣe wù ú. Àwọn kan ní tálákà ò ní san kọ́bọ̀ mọ́ láyé. Ti àkọ́kọ́ kì í ṣe òótọ́. Ti èkejì sún mọ́ òótọ́, àmọ́ ó ku díẹ̀ káàtó, ibi tó kù sí yẹn gan-an ni mo fẹ́ ká jọ wò.

Ká tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ gbọ́ bí a ṣe ń pè é: owó orí. A ò pè é ní owó èrè, a ò pè é ní owó iṣẹ́. Orí ni wọ́n ń kà. Kí òyìnbó tó dé, ìlú ń gbowó lóòótọ́. Oníbodè wà lẹ́nu ibodè, ẹni tó bá gbé ẹrù kọjá ló ń san nǹkan fún un. Ìṣákọ́lẹ̀ wà fún ẹni tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀. Ohun tó wà lọ́wọ́ èèyàn, tàbí ohun tó ń ṣe, ni wọ́n sábà máa ń wò. Ìjọba Lugard ló mú ti orí dé ilẹ̀ Yorùbá, láàárín ọdún 1916 sí 1918.

Ní Abẹ́òkúta, ọdún 1918 ni. Wọ́n ní ọkùnrin á san ṣílè márùn-ún lọ́dún, obìnrin á san ṣílè méjì àti sísì. Ọmọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí san tó bá ti pé ọdún 16. Ọmọbìnrin ńkọ́? Ọdún 15. Ẹ tún un kà: ọmọbìnrin ló kọ́kọ́ ń bọ́ sábẹ́ owó orí. Ní Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́, ọwọ́ ọkùnrin ni wọ́n ti ń gbà á. Ní Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú, obìnrin ń san tiẹ̀ lọ́tọ̀ sí ti ọkọ ẹ̀. Ẹ wá ṣírò ilé bàbá kan tó ní ìyàwó méjì àti ọmọbìnrin kan tó ti pé ọdún 15. Tó bá jẹ́ ará Ìbàdàn, owó ẹnì kan ló ń jáde nínú ilé náà. Tó bá jẹ́ ará Abẹ́òkúta, owó èèyàn mẹ́rin ni, ṣílè 12 àti sísì. Ìjọba òyìnbó kan náà ni, ilé méjèèjì jọra, ọ̀nà ò sì jìn láàárín ìlú méjèèjì.

Lóṣù kẹfà ọdún 1918 yẹn, Ẹ̀gbá dìde. Wọ́n hú irin rélùwéè, wọ́n gé wáyà, ìjọba kó sójà dà sí wọn, ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn sì bá a lọ. Òun là ń pè ní Ogun Adùbí. Owó orí nìkan kọ́ ló fà á o. Iṣẹ́ tipátipá wà níbẹ̀, bí wọ́n ṣe gba òmìnira ìjọba Ẹ̀gbá lọ́dún 1914 náà ṣì ń dùn wọ́n. Àmọ́ nígbà tí ìbọn dákẹ́, owó orí ṣì wà níbi tó wà.

Àwọn obìnrin Ẹ̀gbá fi nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún san án. Ẹ̀dùn ọkàn wọn tó le jù ni pé àwọn agbowó-orí ń tú ọmọbìnrin láṣọ láti wò ó bóyá ó ti dàgbà tó ẹni tó ń san. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọbìnrin, ẹ ò ní kí n ṣàlàyé bí ìyẹn ṣe rí. Funmilayo Ransome-Kuti àti ẹgbẹ́ Abeokuta Women's Union kó ara wọn jọ lọ́dún 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin jókòó sẹ́nu ọ̀nà ààfin. Ohun tí wọ́n ń sọ kò lọ́jú pọ̀: ẹ ń gbowó wa, kò sì sí obìnrin kankan nínú ìgbìmọ̀ tó ń náwó náà. Lọ́dún 1948, Aláké Adémọ́lá Kejì kó lọ sí Òṣogbo, ó sì fi orí oyè sílẹ̀ lóṣù kìíní ọdún 1949. Wọ́n dá owó orí obìnrin dúró.

Ti Èkó dùn mọ́ mi ju ti Abẹ́òkúta lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn èèyàn kì í sábà sọ ọ́. Lọ́dún 1940, ìjọba fẹ́ kí obìnrin tó bá ń rí ju £50 lọ lọ́dún máa san owó orí. Alimotu Pelewura, ìyá ẹlẹ́ja ní ọjà Eréko, tó jẹ́ olórí àwọn ìyálọ́jà, kó àwọn obìnrin lọ bá ìjọba lóṣù kejìlá ọdún náà. Ìyá yìí ò kàwé. Síbẹ̀ òun àtàwọn èèyàn ẹ̀ ló mú kí Gómìnà Bourdillon gbé ààlà náà kúrò ní £50, ó gbé e sókè débi pé ọ̀pọ̀ aláte ò sí nínú ẹ̀ mọ́. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ààlà yìí sọ́kàn, torí òun náà la ń pè ní ₦800,000 lónìí.

Ní apá ibi tá a wà yìí, ọ̀nà mìíràn ló gbà. Port Harcourt ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ nígbà tí ìjọba mú owó orí dé ìlà-oòrùn. 1927 ni òfin, 1928 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gbà á. Ọkùnrin nìkan ni wọ́n ní kó san. Ní November 1929, ní Oloko, wọ́n rán ọkùnrin kan láti máa ka èèyàn àti ẹran ọ̀sìn nínú agbo ilé. Ó bá obìnrin kan, Nwanyeruwa, níbi tó ti ń fún epo, ó ní kó ka ewúrẹ́, àgùntàn àtàwọn èèyàn ẹ̀. Ibẹ̀ ni ogun àwọn obìnrin ti bẹ̀rẹ̀, tó tàn dé Aba, dé Opobo, níbi tí àwọn sójà ti yìnbọn lu àwọn obìnrin. Ó lé ní àádọ́ta obìnrin tó kú káàkiri.

Àwọn òyìnbó ò lóye ẹ̀. Wọ́n ní kí ló kan obìnrin, nígbà tó jẹ́ ọkùnrin ló ń san? Ẹni tó bá ti gbé nínú ilé mọ ìdáhùn. Níbo ni bàbá ti rí owó náà? Lára epo àti èkùrọ́ ìyàwó ẹ̀ ni. Lọ́dún 1929 yẹn, owó epo ti já wálẹ̀, ọjà òkèèrè sì ti wọ́n. Orúkọ bàbá ló wà lórí rísíìtì, apò ìyá ni owó ti jáde. Ẹ ṣì máa rí i lónìí, tí wọ́n bá yọ owó orí lára owó oṣù ọkọ, kí wọ́n tó ṣe ìpàdé kankan nínú ilé, owó ọbẹ̀ ti dín kù.

Agbẹ́kọ̀yà ló tẹ̀ lé e, ìyẹn 1968 sí 1969, àwọn bàbá wa kan ṣì wà láyé tí wọ́n rí i. Ogun abẹ́lé ń lọ, Western State nílò owó, ìjọba sì ń gba owó orí kan náà lọ́wọ́ àgbẹ̀, bí kòkó ṣe é, bí kò ṣe é, wọ́n tún ń fi owó míì lé e lórí. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gba owó oṣù, ìwọ̀n ohun tó ń gbà ni wọ́n ń yọ. Àgbẹ̀ ò ní ìwọ̀n. Orí ẹ̀ ni wọ́n ń kà bíi ti 1918. Àwọn agbowó-orí ń dá èèyàn dúró lójú ọ̀nà oko, wọ́n ń béèrè ìwé owó-orí, ẹni tí kò bá rí tiẹ̀ fà yọ, wọ́n á dè é lọ. Àwọn àgbẹ̀ ní ọ̀kẹ́ mẹ́fà, ìyẹn ṣílè 30, ni agbára àwọn ká. Ẹ̀mí ṣòfò láti Ìbàdàn dé Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí wọ́n ti pa Ṣọ̀ún. Lóṣù kẹwàá 1969, Awólọ́wọ̀ lọ bá Tàfá Adéoyè ní Àkànran. Ìjọba wá sọ owó náà di £2, ìyẹn ṣílè 40. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe pé àwọn àgbẹ̀ yìí ní àwọn ò ní san nǹkan kan. Iye tí wọ́n lè san ni wọ́n ń sọ. Mo máa ń bínú tí mo bá rí i tí wọ́n kọ ọ́ pé àwọn tó kọ owó orí ni.

Ní Port Harcourt, tó wà lábẹ́ Eastern Region nígbà náà, 1956 ni òfin ti bẹ̀rẹ̀ sí yọ owó orí lára owó oṣù kó tó dé ọwọ́ òṣìṣẹ́. Àwọn Yorùbá tó wà níbí lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, ní ibùdókọ̀ ojú omi, ní ọ́fíìsì ìjọba, bọ́ sínú ẹ̀. Ohun kan tó ṣe pàtàkì fún àwa àtọ̀húnrìnwá ni pé ìpínlẹ̀ tí èèyàn ń gbé ló ń gba owó orí ẹ̀, ìpínlẹ̀ tí wọ́n bí i sí kọ́. Tó o bá ń gbé ní Rumuola, Rivers ló ń gba tìẹ. Ọ̀ṣun ò ní rí kọ́bọ̀ níbẹ̀, Èkìtì ò ní rí i. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni nínú wa máa rìn bí àlejò tí ọ̀rọ̀ gọ́tà àdúgbò tàbí ilé ìwé ìjọba ò kàn. A ti san tiwa.

Nígbà tó di 1993, òfin owó orí ti àwọn èèyàn tó ń ṣiṣẹ́ (Decree 104) ṣe ohun kan tí òfin àwọn òyìnbó ní 1918 ò ṣe. Ó wo inú ilé. Ó ní ẹni tó bá lọ́mọ, ọmọ mẹ́rin kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, lè yọ iye kan kúrò fún ọmọ kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó ṣírò owó orí ẹ̀. Nígbà tó yá, ó jẹ́ ₦2,500. Ẹni tó bá ń bọ́ òbí tàbí mọ̀lẹ́bí, méjì péré, ₦2,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Owó náà ò já mọ́ nǹkan kan mọ́ nígbà tí náírà wó, àmọ́ ó kéré tán, òfin mọ̀ pé ìyá àgbà wà ní abúlé tó ń retí nǹkan. Lọ́dún 2011, wọ́n mú ìdẹ̀kùn kan náà wá fún gbogbo èèyàn: ₦200,000 (tàbí 1% owó tó ń wọlé, èyí tó bá pọ̀ jù) pẹ̀lú 20% gbogbo owó tó ń wọlé. Ó rọrùn láti ṣírò. Àmọ́ nígbà tó yá, àpọ́n àti bàbá ọlọ́mọ mẹ́rin di ọ̀kan náà lójú òfin.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí òfin tuntun. Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin mẹ́rin ní June 26, 2025, lẹ́yìn iṣẹ́ ìgbìmọ̀ tí Taiwo Oyedele jẹ́ alága fún, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 1, 2026. ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún, kò sí owó orí lórí ẹ̀. ₦2.2 mílíọ̀nù tó tẹ̀ lé e, 15%. ₦9 mílíọ̀nù tó tẹ̀ lé ìyẹn, 18%. Lẹ́yìn náà 21%, 23%, títí dé 25% fún ẹni tó bá kọjá ₦50 mílíọ̀nù. Ìdẹ̀kùn 2011 yẹn ti lọ. Ìdẹ̀kùn owó ilé ló wọlé: wọ́n á yọ 20% owó ilé tó o san lọ́dún, kò gbọ́dọ̀ ju ₦500,000 lọ. Ẹni tí owó oṣù ẹ̀ ò ju owó oṣù tó kéré jù lọ, ₦70,000, kò san nǹkan kan.

Mo ṣe ìṣírò kan tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi wò. Mi ò ka owó ìfẹ̀yìntì mọ́ ọn kó má bàa díjú. Ẹ mú ẹni méjì tó ń gba ₦150,000 lóṣù, ìyẹn ₦1.8 mílíọ̀nù lọ́dún. Lábẹ́ òfin àtijọ́, ₦155,600 ni owó orí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Lábẹ́ tuntun, èkíní jẹ́ ọmọkùnrin àpọ́n tó ń gbé self-contain ₦600,000 lọ́dún. Wọ́n yọ ₦120,000 fún un, owó orí ẹ̀ di ₦132,000. Èkejì jẹ́ ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin tó ń dá tọ́mọ, tó ń gbé yàrá kan ní face-me-I-face-you, ₦240,000 lọ́dún. Wọ́n yọ ₦48,000, owó orí ẹ̀ di ₦142,800. Àwọn méjèèjì jèrè. Àmọ́ ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin ń san ₦10,800 ju àpọ́n lọ, torí pé ilé tó ń gbé ò wọ́n! Ilé ni òfin rí, kò rí ọmọ. Tí lándílọ́ọ̀dù ò bá wá fún un ní rísíìtì tó ṣe é fi hàn, àfàìmọ̀ kó má rí ₦48,000 yẹn pàápàá gbà. ₦150,000 ló máa san nìyẹn.

Ní òdì kejì, ẹ mú ọ̀gá kan ní ilé iṣẹ́ epo tó ń gba ₦30 mílíọ̀nù lọ́dún, tó ń san owó ilé tó tó ₦2.5 mílíọ̀nù ní GRA. Láyé àtijọ́, ₦5,480,000 ni. Ní báyìí, ₦5,715,000. Ó fi ₦235,000 lé e. Mi ò rò pé ó máa sunkún. Lójú tèmi, apá ibí yìí nínú òfin náà dáa: ó gbé ẹrù kúrò lórí ẹni tó ń gba owó oṣù kékeré, ó fi díẹ̀ lé ẹni tó ní.

Ohun tí kì í jẹ́ kí n pàtẹ́wọ́ tán ni pé ọ̀pọ̀ ilé wa ò sí nínú owó oṣù. Oní-POS, aránṣọ, alámàlà, mẹkáníìkì, ẹni tó ń ta táyà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ wọn ò rí ju ₦800,000 lọ lọ́dún, òfin tuntun sì sọ pé wọn ò jẹ ìjọba ní owó orí. Àmọ́ wọn ò san án tẹ́lẹ̀ náà. Nǹkan tí wọ́n ń san ni tíkẹ́ẹ̀tì, owó ṣọ́ọ̀bù ti kánsù, owó ààbò àdúgbò, àtèyí tí wọn ò mọ orúkọ ẹ̀. Lọ́dún 1998, òfin kan ti to gbogbo ohun tí ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti kánsù lẹ́tọ̀ọ́ láti gbà sílẹ̀, ó sì sọ pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dí ọ̀nà láti gbowó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wakọ̀, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀.

VAT náà wà níbẹ̀, èyí tó kan gbogbo ilé láìbéèrè orí. January 1994 ló bẹ̀rẹ̀, 5%. Lọ́dún 2007, Ọbásanjọ́ sọ ọ́ di 10% nígbà tó ń lọ, àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀, Yar'Adua dá a padà. February 2020 ló di 7.5%, ibẹ̀ ló ṣì wà. Port Harcourt wa yìí ni ẹjọ́ ẹ̀ tó tóbi jù ti wáyé: ní August 9, 2021, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ tó wà níbí sọ pé Rivers ló yẹ kó máa gbà á, kì í ṣe FIRS. Wike fọwọ́ sí òfin VAT Rivers lọ́jọ́ 19 oṣù náà, Èkó náà ṣe tiẹ̀, kí ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó ní kí gbogbo wọn dúró síbi tí wọ́n wà ní September 10. Ìjà yẹn ò lọ lásán. Nínú òfin tuntun, ìdá ti àwọn ìpínlẹ̀ kúrò ní 50% bọ́ sí 55%, tí wọ́n bá sì ń pín in láàárín ara wọn, 30% ni wọ́n ń fi ibi tí wọ́n ti ra ọjà pín, dípò 20% tẹ́lẹ̀. Ìyẹn ni pé bí o ṣe ń ra sìmẹ́ńtì àti ọṣẹ ní Rumuola yìí, ò ń fi kún owó tí Rivers ń gbà. Oúnjẹ tí a fi ń gbẹ́mìí ró, oògùn àti owó ilé ìwé ò ní VAT lórí. Fún ilé tí ìdajì owó ẹ̀ ń lọ sórí oúnjẹ, ìyẹn tó nǹkan.

Ó ku ₦50. Láti January yìí, ẹni tó bá fi ₦10,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ránṣẹ́ ló ń san ₦50 náà. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó gbà á ni wọ́n ń yọ ọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Owó oṣù ò sí nínú ẹ̀. Ta ló wá ń fi owó ránṣẹ́ jù? Àwa tá a kúrò nílé ni. Owó ìyá ní Ìkìrun, owó iléèwé àbúrò ní Ìlọrin, owó ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń pín in sí ₦9,900 lọ́nà méjì. Ẹ kọ́kọ́ ṣírò owó tí báǹkì fúnra ẹ̀ ń yọ lẹ́ẹ̀mejì kẹ́ ẹ tó rò pé ẹ ti jèrè gidi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ fúnra yín, March 31 ni gbèdéke láti kọ ìwé owó tó wọlé lọ́dún tó kọjá fún ìjọba Rivers, kódà tó bá jẹ́ pé òdo ni owó orí yín. Nọ́ńbà NIN ni òfin tuntun ń lò fún Tax ID ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń gba owó oṣù, kó bi ọ́fíìsì tó ń sanwó fún un bóyá wọ́n ti fi owó ilé ẹ̀ sínú ìṣírò, kó sì gba rísíìtì lọ́wọ́ lándílọ́ọ̀dù nísinsìnyí kí ọdún tó parí. Ní ti àwọn ìyá wa lọ́jà, ẹ máa tọ́jú gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá já fún yín, ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ wo orúkọ tó wà lórí ẹ̀ bóyá ti kánsù ni, ẹ kọ iye àti ọjọ́ sẹ́yìn ẹ̀, kẹ́ ẹ kó o wá sípàdé wa. Tí a bá kó ti oṣù mẹ́ta jọ, a óò mọ iye tí ate kan ń san gan-an lọ́dún, a óò sì mọ ohun tí a máa bá kánsù Obio/Akpor sọ.